Ẹ̀jẹ̀ ní irin, kí ló dé tí òòfà kì í fà á?

Lẹ́tà márùn-ún ló wọlé lórí irin lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo sì ti pinnu láti fi gbogbo àyè mi dá wọn lóhùn. Irin ni mo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Kì í ṣe irin ọ̀bẹ, kì í ṣe irin ìkọ́lé. Átọ́mù irin kan ṣoṣo ni, tàbí méjì, tàbí mẹ́jọ, tí wọ́n wà láàárín mólékù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sú mi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Ọmọ kíláàsì mi kan béèrè pé, bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí òòfà kì í fa ẹ̀jẹ̀? Mo ní irin náà kéré jù ni. Ọmọ náà gbà, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò gbà.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Inú mi dùn pé ẹ kò gbà, nítorí kíkéré kọ́ ni. Lóòótọ́ irin inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní a kó o jọ di òkìtì, bó bá ṣì wà nínú mólékù rẹ̀, òòfà tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré kò ní fà á bó ṣe ń fa ìṣó.

Nínú ìṣó, àìmọye átọ́mù irin ló fara kan ara wọn, tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù wọn sì jọ kọjú síbì kan náà. Ìfohùnṣọ̀kan yẹn ni òòfà ń rí dì mú. Nínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Átọ́mù irin kọ̀ọ̀kan dá jókòó sáàárín òrùka kan tí à ń pè ní porphyrin, náítírójìn mẹ́rin dì í mú, púrótéènì sì yí i ká. Irin kan kò gbúròó èkejì. Ohun tó kù tí irin náà lè fi dá òòfà lóhùn ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tirẹ̀ nìkan. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó bá sì wà ní méjì-méjì, ńṣe ni wọ́n ń pa agbára òòfà ara wọn rẹ́. Èyí tó bá dá wà, tí kò ní ìkejì, òun ni òòfà ń rí fà.

Michael Faraday dán an wò ní 1845. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ síwájú òòfà alágbára, ó rí i pé òòfà kò fà á, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dán ẹ̀jẹ̀ tútù náà wò. Ọdún 1936 ni Linus Pauling àti Charles Coryell tó gbé ìdáhùn tó péye jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó gba ọ́ksíjìn kò ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àdáwà kankan. Òòfà a máa tì í sẹ́yìn díẹ̀, bó ṣe ń ti omi. Ẹ̀jẹ̀ tó ti tú ọ́ksíjìn sílẹ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àdáwà mẹ́rin lórí irin kọ̀ọ̀kan, òòfà sì ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fífà ọ̀hún kéré débi pé ẹ̀rọ ìwọ̀n nìkan ló lè rí i. Irin kan náà ni o, òrùka kan náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyí. Nígbà tí kò sí ọ́ksíjìn, irin náà tóbi ju ihò àárín òrùka lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òrùka ló ń jókòó sí, ní nǹkan bí 0.4 Å síta. (Å kan ni ohun tí a máa rí bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù mẹ́wàá.) Bí ọ́ksíjìn bá ti dé, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù á wá ìkejì, irin á sún kì, á sì wọlé sáàárín òrùka. Ìwọlé kékeré yẹn ló ń fa púrótéènì tó so mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló sì ń mú kó rọrùn fún àwọn irin yòókù nínú mólékù náà láti gba ọ́ksíjìn tiwọn. Ibi tí irin jókòó sí àti bó ṣe ń dá òòfà lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jẹ́. Ní 1990, Seiji Ogawa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ méjèèjì yìí ya àwòrán ọpọlọ nínú ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé ìbéèrè rẹ̀ ti pẹ́ láyé, ó sì ṣì ń so èso.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi. Mo ṣe kọ́ńpáùn irin(II), ìyẹn irin tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì, tuntun ni, náítírójìn mẹ́fà ló sì yí irin náà ká. X-ray kírísítálì, tó ń fi ibi tí átọ́mù kọ̀ọ̀kan wà hàn, tí wọ́n bá mi ṣe ní 100 K (nǹkan bí −173 °C) fi hàn pé láti irin dé náítírójìn jẹ́ 1.97 Å. Alábòójútó mi ní spin kékeré nìyẹn, pé kò yẹ kí òòfà fà á rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ́ ọ tí mo fi ẹ̀rọ NMR wọn bí òòfà ṣe ń fà á tó, láìmú un tutù, 5.1 μB (òṣùwọ̀n agbára òòfà átọ́mù) ni mo rí. Alábòójútó mi sọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣìṣe. Èwo ni kí n jù nù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ju ìkankan nù. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí méjì lo ní, ṣùgbọ́n o kò tíì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n rí. Ọ̀kan wà nínú kírísítálì ní 100 K. Èkejì wà nínú omi ní nǹkan bí 298 K. Kí ló dé tí ẹ̀rí wọn á fi dọ́gba?

Wò ó báyìí. Irin(II) ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mẹ́fà tó ní láti pín sí yàrá márùn-ún. Bí náítírójìn mẹ́fà bá ti yí i ká, yàrá mẹ́ta á lọ sísàlẹ̀, méjì á wà lókè. Bí àlàfo tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ bá fẹ̀, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á há sísàlẹ̀ ní méjì-méjì, kò ní sí àdáwà kankan. Spin kékeré nìyẹn. Bí àlàfo náà bá kéré, wọ́n á tàn kálẹ̀, mẹ́rin á sì dá wà. Mú iye àwọn tó dá wà, fi òun fúnra rẹ̀ tí o ti fi 2 kún sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá gbòǹgbò rẹ̀: 4 lọ́nà 6 jẹ́ 24, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 4.90 μB. Iye tìrẹ, 5.1, fi díẹ̀ jù ú lọ, bó sì ṣe sábà máa ń rí fún irin(II) nìyẹn, nítorí yíyí tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń yí ká kóro átọ́mù náà ń dá sí i.

Yàrá méjì tòkè yẹn kọjú sí àwọn náítírójìn gan-an. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá wọ ibẹ̀, á ti àwọn náítírójìn sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí irin(II) spin kékeré fi máa ń wà ní nǹkan bí 2.0 Å sí náítírójìn rẹ̀, tí ti spin gíga sì máa ń jẹ́ nǹkan bí 2.2 Å. Nítorí náà alábòójútó rẹ ka 1.97 yẹn dáadáa. Ohun tó gbójú fò ni pé bí àlàfo náà kò bá fẹ̀ jù tí kò sì kéré jù, ooru ló máa ń pinnu. Nínú òtútù, spin kékeré. Bó bá móoru, spin gíga. Livio Cambi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irú èyí ní 1931 nínú àwọn dithiocarbamate irin(III). Nínú kọ́ńpáùn irin(II) tí à ń pè ní Fe(phen)₂(NCS)₂, tí gbogbo àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ bí ẹni mowó, àyípadà náà ń wáyé ní nǹkan bí 176 K, ìwọ̀n ooru díẹ̀ péré ló sì máa ń gbà kó tó parí.

Lọ sí lábù lọ́la, kó díẹ̀ nínú kírísítálì rẹ sínú ìgò, ti ìgò náà bọ náítírójìn olómi, kí o sì wo àwọ̀ rẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá yí, tí ó sì tún padà nígbà tó móoru, o ti rí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, bẹ àwọn tó ṣe X-ray kí wọ́n tún ṣe kírísítálì kan náà ní 293 K. Kì í ṣe òmíràn o, ọ̀kan náà. Bí 1.97 bá di nǹkan bí 2.17, ẹjọ́ ti parí. Gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ lọ sínú SQUID, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà, kí o wọ̀n ọ́n láti 2 K dé 300 K, kí o sì ya ìlà χT (χ ni bí nǹkan náà ṣe ń dá òòfà lóhùn tó, T ni ìwọ̀n ooru). Spin kékeré á wà nítòsí òdo. Spin gíga á wà láàárín 3.0 sí 3.8 cm³ K mol⁻¹. 5.1 μB tìrẹ jẹ́ nǹkan bí 3.25, ó wọ inú rẹ̀ rẹ́gí.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí NMR náà. Ọgbọ́n fífi NMR wọn òòfà tí D. F. Evans gbé jáde ní 1959 dára gan-an, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ nínú omi, náítírójìn kan tàbí méjì lè já kúrò lára irin kí omi tí o fi yọ́ ọ gba ipò wọn. Nígbà náà, ohun tí o wọ̀n kì í ṣe ohun tó wà nínú kírísítálì mọ́. Nítorí èyí ni mo fi ń fẹ́ kí a wọ̀n òòfà nínú lẹ́búlẹ́bú, kí a sì rí i dájú pé lẹ́búlẹ́bú ọ̀hún ni X-ray rí.

Lórí èyí, mo ní ohun kan láti sọ fún ọ. Nígbà tí mo ń ṣe oyè tèmi, kírísítálì mi ní mẹ́tánọ́ọ̀lù méjì fún irin kọ̀ọ̀kan. X-ray rí wọn kedere. Mo wá gbé ìyókù lẹ́búlẹ́bú náà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, mo fi í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó lè gbẹ dáadáa. Ó gbẹ lóòótọ́. Gbogbo mẹ́tánọ́ọ̀lù ló bá a lọ. Mo wọ̀n ọ́n ní SQUID, mo fi ìwọ̀n mólékù tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣe ìṣirò, mo sì rí ìlà kan tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ tí kò délé, tó sì tún ga jù níparí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ àlàyé lé e lórí. Mólékù tó wúwo tó 600, bí o bá fi 664 ṣe ìṣirò rẹ̀, iye tí o máa rí á fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju òtítọ́ lọ. Èyí tó burú jù ni pé mẹ́tánọ́ọ̀lù yẹn ló ń di àwọn mólékù mọ́ ara wọn. Bó ṣe lọ, ibi tí àyípadà ti ń ṣẹlẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kọ́ńpáùn méjì ni mo ń fi orúkọ kan pè. Ọjọ́ tí mo tún un ṣe láìjẹ́ kó gbẹ, tí ìlà náà gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dúró, mo sunkún ní lábù.

Nítorí náà, kí o tó wọ̀n òòfà, gbé díẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú náà sínú X-ray oní-lẹ́búlẹ́bú, kí o fi wé èyí tí kírísítálì sọ. Má fi ṣíbí irin kó o. Eruku irin tí ojú kò rí tó bá já bọ́ sínú rẹ̀, òun ni òòfà máa gbọ́, kò ní gbọ́ ti mólékù rẹ mọ́. Ṣíbí oníke ni kí o lò. Bí o bá fura, wọ̀n ọ́n ní 300 K nínú pápá òòfà tesla 1, kí o tún wọ̀n ọ́n ní tesla 3. Bí χ bá yàtọ̀, irin lásán ti wọ ibẹ̀. Sì di lẹ́búlẹ́bú náà mọ́lẹ̀, nítorí nínú òtútù, pápá tó lágbára lè yí àwọn kírísítálì kéékèèké padà kí wọ́n kọjú sí i, iye tí o máa rí yóò sì jẹ́ ti ìhà kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Ṣé òòfà lè sọ bí mólékù ṣe rí, láìsí X-ray?

Ìdáhùn: Ó lè sọ ìdajì, nígbà míì ìdajì náà tó. Ní 1951, Kealy àti Pauson kéde kọ́ńpáùn irin aláwọ̀ ọsàn kan tó ní òrùka kábọ́ọ̀nù méjì, èyí tí a wá mọ̀ sí ferrocene. Bí wọ́n ṣe yà á, irin wà láàárín, ó na ọwọ́ kan sí kábọ́ọ̀nù kan nínú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ní 1952, Wilkinson, Woodward àti àwọn méjì míì wò ó pé òòfà kò fà á, tó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rẹ̀ ló ní ìkejì. Ìtànṣán infrared sì fi hàn pé gbogbo háídírójìn rẹ̀ jọra. Wọ́n ní irin ọ̀hún wà láàárín òrùka méjì bí ẹran tó wà láàárín búrẹ́dì, ó sì di kábọ́ọ̀nù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mú bákan náà. Lọ́dún kan náà ni X-ray sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wilkinson àti Ernst Otto Fischer, tó bá ọ̀nà tirẹ̀ débẹ̀, ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kò sí ìwé tí mo kà lórí kọ́ńpáùn irin tí n kò ti rí "Mössbauer". Kí ló ń sọ tí X-ray àti òòfà kò lè sọ?

Ìdáhùn: Ọ̀nà ìwọ̀n kan ni Mössbauer, a fi orúkọ ẹni tó rí i pè é. Inú kóro átọ́mù irin gan-an ló ti ń gbọ́ tirẹ̀, kò sì ń gbọ́ ti nǹkan míì. Irin-57, irú átọ́mù irin kan tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irin ayé, lè gba ìtànṣán gámà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 14.4 keV. Kóbọ́ọ̀tì-57 ló ń tan ìtànṣán náà fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó yí kóro náà ká máa ń yí agbára tó fẹ́ gbà padà díẹ̀ kíún. Láti bá a dọ́gba, à ń mú kóbọ́ọ̀tì náà rìn síwájú sẹ́yìn, bí ohùn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa ń ga ju ti èyí tó ń lọ. Ìrìn ọ̀hún kò yá ju ti ìgbín lọ: mìlímítà kan tàbí méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti inú ìrìn ìgbín yìí ni a ti ń mọ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó wà lára irin. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Irin(II) spin gíga máa ń jókòó sí nǹkan bí 1 mm/s (ìyẹn ìrìn tó bá a dọ́gba), ó sì máa ń fọ́ sí ìlà méjì tó jìnnà síra, tó 2 tàbí 3 mm/s. Irin(III) spin gíga máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.5. Irin(II) spin kékeré náà wà nítòsí ibẹ̀, ìlà rẹ̀ méjèèjì sì sún mọ́ra. Fún àbúrò mi tó kọ lẹ́tà kejì: ní 80 K, wàá rí ìlà tó sún mọ́ra, ní 295 K, wàá rí èyí tó jìnnà síra. Bó bá jẹ́ pé àyípadà náà wà lójú ọ̀nà, wàá rí méjèèjì papọ̀, ìwọ̀n wọn á sì sọ iye tó ti yí àti iye tó kù. SQUID kò lè ṣe èyí. Àròpọ̀ nìkan ló ń sọ.

Má gbé e sínú omi. Kóro tó bá gba gámà nínú omi á ta sẹ́yìn, àmì náà á sì pòórá. Bó bá jẹ́ omi lo ní, mú un dì kó tó wọ ẹ̀rọ. Rudolf Mössbauer ló rí i pé nínú ohun líle kóro kì í ta sẹ́yìn. Ó gba Nobel fún un ní 1961, ọmọ ọdún 32 ni nígbà náà. Ní 2004 ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré wà lára àwọn ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì Spirit àti Opportunity tó balẹ̀ sórí Mars. Opportunity fi tirẹ̀ rí jarosite nínú àpáta, ìyẹn kọ́ńpáùn irin(III) tí kì í wáyé láìsí omi.

Ìbéèrè: Mà, mo ní kọ́ńpáùn tó ní irin(III) méjì tí ọ́ksíjìn kan so pọ̀. Ìṣirò mi sọ pé 8.37 μB ló yẹ kí n rí fún mólékù kan. 2.6 ni mo rí, bó sì ṣe ń tutù ló ń lọ sódo. Nísàlẹ̀ 20 K, ìlà χ mi tún ń gòkè díẹ̀. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Ìdáhùn: O kò bà á jẹ́ rárá. Irin(III) kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àdáwà márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ksíjìn tó wà láàárín wọn ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, ó sì ń mú kí ti ọ̀kan kọjú sókè bí ti èkejì bá kọjú sísàlẹ̀. Bó ṣe ń tutù ni wọ́n túbọ̀ ń pa ara wọn rẹ́. Agbára ìdè yìí, J, sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí −100 cm⁻¹ (òṣùwọ̀n agbára ni cm⁻¹, àmì òdì náà sì ń sọ pé wọ́n kọ ẹ̀yìn síra) bí ọ́ksíjìn náà bá wà lóun nìkan.

Bó bá jẹ́ OH ni, ìyẹn ọ́ksíjìn tó ní háídírójìn lára, J máa ń kéré sí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ọ, nítorí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ni X-ray ń rí. Háídírójìn ní ọ̀kan ṣoṣo, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ó lé. Ta ló máa rí háídírójìn níbẹ̀? Òòfà ló máa sọ bóyá ó wà. Wo bí irin ṣe jìnnà sí ọ́ksíjìn (Fe–O) náà: nǹkan bí 1.8 Å bó bá jẹ́ ọ́ksíjìn lásán, á gùn sí nǹkan bí 1.95 bó bá jẹ́ OH. Pẹ̀lú 2.6 tìrẹ, ọ́ksíjìn lásán ni màá tọ́ka sí.

Má rò pé ìpara-ẹni-rẹ́ yìí máa ń já sódo ní gbogbo ìgbà. Nínú mólékù oní-irin mẹ́jọ tí à ń pè ní Fe8, mẹ́fà kọjú síbì kan, méjì kọjú síbòmíràn. Mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Spin àdáwà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì, ti márùn-ún lórí irin kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5/2. 5/2 lọ́nà mẹ́rin, spin rẹ̀ sì jẹ́ 10. Bí òtútù bá pọ̀ tó, mólékù kan ṣoṣo yẹn á di òòfà fúnra rẹ̀, á sì rántí ìhà tí a kọ ọ́ sí.

Nípa ti ìrù kékeré tí o sọ pé ó tún ń gòkè nínú ìlà χ rẹ nísàlẹ̀ 20 K: irin(III) tó dá wà ló wọlé, ó ṣeé ṣe kó má ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Fi iye rẹ̀ sínú ìṣirò nígbà tí o bá ń wá J, kí o sì kọ ọ́ síbi tí àwọn tó máa ka ìwé rẹ ti máa rí i.